Ọ̀pá Tẹ́ẹ́rẹ́ Ẹ̀gbẹ́ Àpótí Ìkéde

"Bọ̀dá, níbo ni àdúgbò wa lọ?"

Ìbéèrè tí mo bi àbúrò màmá mi nìyẹn nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwà mi láti máa bi àgbàlagbà ní ìbéèrè. Bí olùkọ́ bá ní ṣé ó yé wa, èmi náà máa ń bá àwọn yòókù pariwo pé ó yé wa, kí wọ́n má baà kọjú sí mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé yẹn, mo jókòó ti Bọ̀dá nídìí tábìlì ìjẹun, orúkọ àdúgbò wa sì wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rí i kedere. Bọ̀dá tẹ ọ̀rọ̀ kan, orúkọ náà sì pòórá. Kò pa á rẹ́ o. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́: lẹ́tà á máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn ògiri.

Bọ̀dá wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì níbi tí màmá mi ti ń gé àlùbọ́sà.

"Ṣé o ti jẹun?" ló fi dá mi lóhùn.

Mo ti jẹun. Òun náà mọ̀, nítorí pé òun ló jẹ èyí tó ṣẹ́ kù nínú àwo mi.

Bọ̀dá Alápótí ni à ń pè é nílé. Kì í kan àpótí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ́fíìsì omi, àwọn tó ń pín omi ẹ̀rọ káàkiri ìlú. Ó ní kò sí ohun kan lójú-ìwé bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe àpótí. Inú àpótí ni àkọlé wà, inú àpótí ni àwòrán wà, àpótí ńlá ló sì gbé àwọn kéékèèké mì. Ó ní ẹyọ wàhálà kan ṣoṣo ni àpótí ní. Bí o bá ti sọ pé báyìí ni yóò ṣe ga tó, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá ju gíga yẹn lọ, kí lo fẹ́ ṣe sí èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀?

Àwọn ará ilé wa ló fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbá mi ń sùn lórí àga lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ.

"Wo ẹ̀gbọ́n," ni Bọ̀dá rọra sọ. "Ṣẹ́ẹ̀tì ti parí lókè ìdodo, ikùn ṣì ń bá ìrìn àjò tiẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀nà kìíní nìyẹn: o fi í sílẹ̀ kó máa tú jáde, kó lọ bo ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ẹ̀. Èkejì, kọ́bọ́ọ̀dù màmá ẹ. Ó ti í pa. Ohun tó wà nínú ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ojú ò rí i. Ẹ̀kẹta, o lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ènìyàn máa fi fa ọ̀rọ̀ sókè sódò. Ọ̀pá yẹn á wà níbẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ pọ̀ o, bóyá kò pọ̀ o, bíi mẹ́gádì ọ́fíìsì wa."

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́?"

"Ẹ̀kẹrin, ọ̀pá yẹn ò ní yọjú àfi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju àpótí lọ. Tí kò bá sí ìdí, o ò ní mọ̀ pé ó wà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bíi tìẹ."

Mo ronú sí èyí fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì fi mí ṣe àpẹẹrẹ nǹkan rí.

Bọ̀dá fúnra rẹ̀, ọ̀nà kejì ló fẹ́ràn. Ojú-ìwé tó mọ́, tí gbogbo àpótí rẹ̀ tò gbọnrangandan, ni ayọ̀ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó wà ní ìparí kọ́rídọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, débi pé gbogbo ẹni tó bá ń lọ wẹ̀ ló máa ń kí i, tó sì tún máa ń kí i nígbà tó bá ń bọ̀. Yàrá náà mọ́ tónítóní, bí o kò bá ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan màmá mi ká etí bẹ́ẹ̀dì náà sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, àwo tí màmá ti wá tì náà wà níbẹ̀.

"Ìwọ yìí, ta lo ń fi gbogbo èyí pamọ́ fún?"

"Àlejò ni, àǹtí mi."

"Àlejò wo? Ta ló ń wá ọ wá?"

"Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dé."

Ohun kan ṣoṣo ni Bọ̀dá ń lé nígbà náà. Òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ló jẹ́ ní ọ́fíìsì omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ìgbà díẹ̀" náà ti gùn ju ìgbà tí mo ti ń lọ sí ilé-ìwé lọ. Wọ́n lè ní kó má wá mọ́ ní ọjọ́kọ́jọ́. Onílé tó bá lọ bá láti gba yàrá á ní kó mú ìwé wá pé ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kò sì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Àgbà nìkan ló lè fọwọ́ sí i kó di òṣìṣẹ́ gidi. Gbogbo ìgbà tí Bọ̀dá bá ti ibi iṣẹ́ dé, màmá mi á dúró lójú ọ̀nà.

"Ṣé ó ti fọwọ́ sí i?"

"Ó ní òun ń bọ̀ lórí ẹ̀."

"Ọ̀nà wo ló ń gbà bọ̀ tí kò dé?"

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Ọ̀gá Àgbà, ọ̀dọ̀ akọ̀wé rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Òun àti màmá mi jọ kàwé, ó sì máa ń yà sílé wa lẹ́yìn iṣẹ́ láti wá tú ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì sílẹ̀. Àǹtí Akọ̀wé là ń pè é. Òun ló sọ fún wa pé nínú ọ́fíìsì omi náà, omi kì í yọ ní ilé-ìtọ̀, pé kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n máa ń gbé wá láti ilé. Òun ló tún sọ fún wa pé Ọ̀gá Àgbà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fa ojú-ìwé òun sókè sódò. Ó gbọ́dọ̀ hàn tán lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá ṣe ṣí i.

"Ṣé àpò ìdọ̀tí ni mí ni?" ni Ọ̀gá sọ fún Bọ̀dá. "Tí wọ́n á fi máa tú mi títí wọ́n á fi dé ìdí?"

Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì omi ní láti gba ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ìkíni Ọ̀gá ló gba gbogbo ọwọ́ òsì. Ìkéde omi wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹn àdúgbò tí omi yóò wà àti èyí tí kò ní wà. Àwòrán Ọ̀gá wà lábẹ́ ìkéde, ó rẹ́rìn-ín, ó di táì. Ìkéde náà ní ètò tirẹ̀. Àdúgbò tí Ọ̀gá ń gbé ló máa ń ṣíwájú, ti àna rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti igbákejì rẹ̀. Tiwa ló máa ń gbẹ̀yìn pátápátá, nítorí pé àwa la wà ní ìparí páìpù.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi oyè tàbí àmì-ẹ̀yẹ dá Ọ̀gá lọ́lá, yóò ní kí Àǹtí Akọ̀wé fi ìpínrọ̀ kan kún un. Ọ̀gá kì í ka ohun tó bá kọ. Ó kàn máa ń béèrè pé, "Ṣé ó ti gùn sí i?" Àpótí kún. Bọ̀dá kò lè jẹ́ kó tú jáde, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá sí i. Ló bá ti ilẹ̀kùn pa: ó kọ overflow-y, orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń pe ohun tó bá kún kọjá àpótí, ó kọ hidden, ìyẹn fi pamọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àárín ìpínrọ̀ kejì sì wọ abẹ́ lọ. Àǹtí Akọ̀wé nìkan ló sọ fún.

"Ẹ máa bá a lọ jàre," ni Àǹtí sọ, tó ń nu ojú nítorí ẹ̀rín. "Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an, mi ò kà á dé ìsàlẹ̀ rí."

Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́nì kan tó mọ̀. Àfi ìgbà tí àlejò ńlá kan dé láti olú-ilé-iṣẹ́ wọn, obìnrin kan tó wá yẹ iṣẹ́ wọn wò. Wọ́n tan ojú-ìwé náà sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àǹtí Akọ̀wé gbé bébà ọ̀rọ̀ ìkíni lé Ọ̀gá lọ́wọ́, Ọ̀gá sì tì í padà.

"Kí ni mo fẹ́ fi bébà ṣe? Ṣebí ọ̀rọ̀ mi nìyí lára ògiri."

Ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Ohùn rẹ̀ dùn, Àǹtí ní ohùn rẹ̀ máa ń dùn. Ó ka ìpínrọ̀ kìíní, ó wọ inú èkejì. "Nígbà tí mo gorí àga yìí, mo ṣe ìlérí pé gbogbo ilé, àti ńlá àti kékeré, yóò..."

Ibẹ̀ ni àpótí parí sí.

Gbogbo gbọ̀ngàn ń retí ohun tí gbogbo ilé yóò ṣe. Ọ̀gá wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn tábìlì, bí ẹni pé ìyókù ọ̀rọ̀ ti já bọ́ síbẹ̀. "Yóò," ló tún sọ. Bọ̀dá, tó dúró ti ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, ti ń wo ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ọ̀gá gbójú sókè.

"Ẹ ṣeun púpọ̀," ló sọ, ó sì jókòó.

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa, Àǹtí ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní ọ́fíìsì yẹn. Àwọn awakọ̀ tó wà níta gan-an wọlé láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin àlejò dìde, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń yẹ iṣẹ́ wò, òun ò tíì rí ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, tó sì mọ́, tó èyí.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Bọ̀dá.

"Níbo ni ìyókù ọ̀rọ̀ mi wà?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Níbẹ̀ níbo?"

"Lábẹ́, sà."

"Lábẹ́ kí ni?"

"Lábẹ́ yóò, sà."

Àǹtí Akọ̀wé, tó ń to fáìlì tí kò nílò títò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní òun ti ń ronú irú ohun tí òun máa fi dágbére fún Bọ̀dá. Ọ̀gá wá rọra rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ mi kúrú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ lo gé e."

"Mi ò gé e, sà. Mo kàn..."

"Mo ní ìwọ lo gé e! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìkéde omi yẹn náà, lọ gé e. Ó gùn jù, ó ń ti àwòrán mi wálẹ̀. Ìlà mẹ́ta ti tó aráàlú. Tó bá ti wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, gbé ìwé ẹ wá kí n fọwọ́ sí i. Irú ẹ la fẹ́ ní ọ́fíìsì yìí."

Bọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé ilé. Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun, ó sọ àpótí ìkéde di ìlà mẹ́ta, ó ti ilẹ̀kùn pa. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi bi í pé níbo ni àdúgbò wa lọ. Ìlà mẹ́ta tó kù lójú-ìwé ni àdúgbò Ọ̀gá, àdúgbò àna rẹ̀ àti ti igbákejì rẹ̀. Omi kì í lọ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ṣí ojú-ìwé náà á kà á pé omi wà, omi wà, omi wà. Ìlú wa wá di ìlú tí omi kì í tán.

Bọ̀dá kọ́ ló ń kọ ohun tó wà nínú ìkéde. Àpótí ni tirẹ̀, àwọn ará ẹ̀ka páìpù ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kọ nǹkan kan sídìí orúkọ àdúgbò wa, wọ́n sì lọ sílé, iṣẹ́ ti parí. Bọ̀dá gan-an kò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá mi ti fi ọṣẹ pa orí àti ojú nínú balùwẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ omi húkọ́, tó sì dákẹ́.

"Omi dà?" ni bàbá mi kígbe.

Màmá mi gbé fóònù, ó ṣí ojú-ìwé ọ́fíìsì omi. "Wọ́n ní omi wà!"

"Níbo?"

"Níbi gbogbo! Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Ẹ bá mi sọ fún ojú mi pé omi wà!"

Ó jáde, ó ró aṣọ ìnura, ojú rẹ̀ funfun báláú, ó ń fọwọ́ tọ ògiri kọ́rídọ̀ títí ó fi kan ilẹ̀kùn Bọ̀dá. "Àna mi! Ṣebí ọ́fíìsì omi lo ní o ń bá ṣiṣẹ́?"

Bọ̀dá fi omi mímu rẹ̀ fọ ojú fún un. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ pé omi máa lọ?"

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́," ni Bọ̀dá sọ.

"Síbo?"

Bọ̀dá wo tábìlì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Mo rò pé mo lè ràn án lọ́wọ́. Mo mú máòsì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà kẹta bí ẹni tó fẹ́ sàmì sí ọ̀rọ̀, mo sì ń fà á lọ sísàlẹ̀, kọjá ibi tí àpótí parí sí. Ọ̀rọ̀ inú àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sókè. Àdúgbò kan yọ, òmíràn yọ, títí tiwa fi yọ níkẹyìn: páìpù ti bẹ́, omi kò ní wà títí di ọjọ́bọ̀.

Bàbá mi fi ojú pupa kà á.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?" ni màmá mi bi àbúrò rẹ̀.

"Èmi ni, àǹtí mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ìlà mẹ́ta, àwòrán Ọ̀gá, ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé màmá mi á bú u. Ṣùgbọ́n ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé ọjọ́ Ẹtì yìí náà ló máa fọwọ́ sí i?"

"Ọjọ́ Ẹtì yìí ni."

"Ọjọ́ Ẹtì ò jìnnà." Ó yíjú sí bàbá mi. "Àbí ó jìnnà?"

"Kò jìnnà," ni bàbá mi sọ, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ pọn omi."

Báyìí ni ìdílé wa ṣe gbà láti dákẹ́. Àwa mọ ibi tí omi wà àti ìgbà tó máa dé. Àwọn aládùúgbò kò mọ̀. Fóònù ti sọ fún wọn pé kò sí ibi tí omi ò sí, nítorí náà olúkúlùkù rò pé páìpù ilé òun ló bàjẹ́. Wọ́n ń pe plọ́ńbà. Plọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, kò sì tíì rí irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tú páìpù, ó ń mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Màmá Òkè, ìyá àgbà tó ń gbé lórí wa, dá Bọ̀dá dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú korobá méjì lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ omi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò jẹ̀bi o. Ilé tèmi ló bàjẹ́. Plọ́ńbà ti tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ò tíì rí ohun tó ń ṣe é."

Bọ̀dá gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a gbé e dé òkè. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, omi dé. Ó dé pẹ̀lú agbára, bíi pé òun náà ti ṣàárò wa. Ní gbogbo ilé tí plọ́ńbà ti tú páìpù sílẹ̀, ó rọ́ jáde. A gbọ́ igbe Màmá Òkè, lẹ́yìn náà a rí omi náà fúnra rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbàlagbà. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wa wọlé, ó tọ kọ́rídọ̀, ó wọ yàrá Bọ̀dá. Nígbà tí Bọ̀dá máa fi ti ibi iṣẹ́ dé, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì léfòó wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Àwo kan tún wà lẹ́yìn, tó ń yí po.

"Àwọn àlejò ẹ ti dé," ni màmá mi sọ, tó dúró nínú omi pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín. Ó gun orí tábìlì rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń ro tótó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó pa ọ̀rọ̀ tó fi ti ilẹ̀kùn rẹ́, lẹ́tà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ó kọ auto síbẹ̀, ọ̀nà kẹrin. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìkéde, kò nípọn ju ọ̀já bàtà lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Àǹtí Akọ̀wé ní Ọ̀gá ti ṣí bírò, ó ti gbé e sórí bébà, nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Kí ni ọ̀pá yìí?"

"Kí wọ́n lè fa ìkéde sókè ni, sà. Kí wọ́n rí ìyókù."

"Lójú-ìwé tèmi?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa fà, sà. Ìkéde nìkan ni."

"Yọ ọ́. Yọ ọ́ kí n fọwọ́ sí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí: Bọ̀dá kì í lè dá àgbàlagbà lóhùn. Nínú ìyẹn, èmi àti òun jọra. Àǹtí ní ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó ń wo bírò yẹn.

"Sà," ló sọ níkẹyìn, "tí mo bá yọ ọ́, omi á tún wọ yàrá mi."

"Kí ló kan yàrá ẹ nínú ojú-ìwé mi?"

Ọ̀gá dé bírò rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ní kí Bọ̀dá má wá mọ́.

Màmá mi kò bá a jà. Ó kàn sọ pé, "Ọjọ́ kan péré ló kù o," ó sì bu oúnjẹ fún un ju bó ṣe máa ń bù ú lọ.

Ọmọ àna Ọ̀gá ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá kọ́kọ́ ní kó ṣe ni kó yọ ọ̀pá kúrò, ọmọ náà sì yọ ọ́. Kò ti ilẹ̀kùn, kò fi ọ̀pá mìíràn sí i, ó kàn fi í sílẹ̀. Ìkéde bá tú jáde nínú àpótí rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwòrán Ọ̀gá, àdúgbò kan níwájú orí, òmíràn lórí imú. Mo rí i fúnra mi ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Àdúgbò tiwa, tó máa ń gbẹ̀yìn, bọ́ sórí ẹnu rẹ̀ gan-an: omi kò ní wà. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì. Àǹtí Akọ̀wé ní Ọ̀gá kò ṣí i wò mọ́ láti ìgbà tí ọ̀pá ti lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn yòókù ò rí i. Olúkúlùkù ló ń retí pé ẹlòmíràn á sọ fún un.

Bọ̀dá wà nínú kọ́rídọ̀ wa fún ìgbà pípẹ́ sí i. Ó ń to ojú-ìwé fún aránṣọ, fún ilé ìwòsàn, fún ilé-ìwé. Nígbà tó yá, onílé kan lójú ọ̀nà kejì, tí Bọ̀dá to ojú-ìwé fún, fún un ní yàrá láì béèrè ìwé kankan. Màmá mi lọ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò. Ó ní àyè wà níbẹ̀.

Ní ọdún yìí, mo wà ní kíláàsì àṣejáde. Wọ́n ní kí n to ojú-ìwé kan fún kíláàsì wa, nítorí pé wọ́n mọ ẹni tó kọ́ mi. Mo kó orúkọ gbogbo wa sínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán wa. Orúkọ pọ̀ ju àpótí lọ, ó ń bàjẹ́ lójú. Mo ti ilẹ̀kùn pa. Ó mọ́, ó tò gbọnrangandan. Bọ̀dá wá kí wa lọ́jọ́ náà, ó jókòó ní ìkọjú mi nídìí tábìlì kan náà, ó ń jẹun. Ó na ọrùn.

"Ta ló gbẹ̀yìn nínú wọn?"

"Èmi ni," ni mo sọ. "Kò burú, Bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó máa wá a."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó wá yíjú padà sí mi.

"O bi mí ní nǹkan nígbà kan, níbí yìí. O ní níbo ni àdúgbò wa lọ."

"Ẹ sì ní ṣé mo ti jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò lọ síbì kankan," ló sọ. "Ibẹ̀ náà ló wà, ó ń retí ẹni tó máa fà á sókè. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí mo sì kúrò níbẹ̀."